Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: gbọ̀ngàn káńsù àtijọ́ tó di ibùdó àtinúdá ní ilẹ̀ Okun

Gbọ̀ngàn káńsù kan ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ó wà ní ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tí àwọn Okun, ìyẹn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, pọ̀ sí jù ní ìwọ̀-oòrùn Kogí: Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà Ìlà-Oòrùn, Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn àti Mọ̀pà-Muro. Káńsù fọwọ́ sí i pé kí a sọ ọ́ di ibùdó àtinúdá, ibi tí ará ìlú yóò ti máa gbé ìṣòro kalẹ̀, tí àwọn tó mọṣẹ́ yóò bá wọn wá ojútùú, tí a ó sì dán ojútùú náà wò ní kékeré kí ẹnikẹ́ni tó náwó ńlá lé e lórí. Gbọ̀ngàn náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 8, ó sì ní yàrá kékeré méjì lẹ́yìn. Ìwọ̀n ohun èlò la kọ síhìn-ín. A kò kọ iye náírà, torí owó sìmẹ́ǹtì tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí irú iṣẹ́ báyìí ṣe sábà máa ń lọ ni pé wọ́n á tún ilé ṣe, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa ronú ohun tí wọn ó fi ilé ṣe. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Níhìn-ín, owó oṣooṣù ló ṣáájú, ìṣòro ará ìlú ló tẹ̀ lé e, bíríkìlà ló ṣìkẹta.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 6: ìwé

Káńsù ló ni ilé, ṣùgbọ́n ìdílé kan ló yọ̀ǹda ilẹ̀ nígbà láéláé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ìgboro ńlá, ìwé yẹn la sì gbà. Síbẹ̀, a tún lọ jókòó pẹ̀lú ìdílé náà. Olórí ẹbí, àwọn ìyá ilé àti ọ̀dọ́ kan láti ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé kan náà, sọ̀fẹ́yọ̀ sì ri òpó mẹ́rin mọ́ igun ilẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ọjọ́ tí ọ̀dà bá gbẹ tán ni yóò rí àlejò.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì ló le jù. Owó iṣẹ́ àkànṣe àti owó ìnáwó oṣooṣù kì í jókòó sí ojú ewé kan náà nínú ìwé káńsù. Ti àkọ́kọ́ máa ń tètè jáde nítorí ó ṣeé fi ojú rí. Èkejì ló ń san owó ẹ̀ṣọ́, dátà, ọṣẹ àti gílóòbù, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 sọ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn fún káńsù láyè láti ṣèlérí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò lè san owó ẹ̀ṣọ́. Nítorí náà a béèrè ohun mẹ́ta kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù kan: kí ibùdó ní ìlà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì oṣooṣù, kí àwọn káńsílọ̀ dìbò lé e lórí kí ó má baà jẹ́ lẹ́tà alága nìkan, kí owó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sì wọ àpò ìfowópamọ́ ibùdó ṣáájú. Àwọn ohun tó wà nínú owó oṣù náà ni owó òṣìṣẹ́ mẹ́rin (alábòójútó, ẹni tó ń bá ará ìlú ṣe, oníṣẹ́-ọwọ́ àti ẹ̀ṣọ́), akápò tó ń wá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, dátà, ìmọ́tótó, àti owó àtúnṣe tó jẹ́ ìdá kan nínú ogún iye ohun èlò lọ́dún.

A fi orúkọ ibùdó sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Ẹ̀ka F nínú CAMA 2020, òfin tó de wọn, ìyẹn ti àwọn ẹgbẹ́ tó ní alágbàtọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ibùdó bá jẹ́ ẹ̀ka káńsù pátápátá, bí sáà alága bá parí, ó lè tibẹ̀ parí pẹ̀lú rẹ̀. Ènìyàn méje ló wà nínú ìgbìmọ̀: méjì láti káńsù, ọ̀kan láti ààfin, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́jà, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ọ̀kan láti ilé-ìwòsàn, ọ̀kan tó mọ̀ nípa ìṣirò owó. Ènìyàn mẹ́ta ló ń buwọ́ lù ní báǹkì. Ìbuwọ́lùwé ẹni méjì ló ń gba owó jáde, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ará káńsù méjèèjì.

Ibi tí iṣẹ́ ti fà níhìn-ín ni orúkọ. Òfin ní kí a kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti agbègbè, kí a sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnikẹ́ni ní àwíjàre. Nínú ìwé òfin ibùdó, a kọ orúkọ náà pẹ̀lú ẹ àti ọ. Nínú ìwé ìròyìn, àmì abẹ́ lẹ́tà ti pòórá, ọ̀rọ̀ méjì sì ti lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan. Wọ́n ka orúkọ méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a tún ìkéde ṣe, ọjọ́ 28 mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ ìwé kọjá ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tó bá fẹ́ lo orúkọ Yorùbá, kí ó pinnu ọ̀nà ìkọ̀wé kan láti ọjọ́ kìíní, kí ó sì bá ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ka ẹ̀dà ìkẹyìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 11: kíkó ìṣòro jọ

Ní Adelaide ní Gúúsù Ọsirélíà, ìjọba ìpínlẹ̀ fi owó ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ibùdó báyìí ní 2009, The Australian Centre for Social Innovation. Lára iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde ni Family by Family, tó ń so ìdílé tó ti la ìyà kọjá pọ̀ mọ́ ìdílé tó ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn ìdílé ni wọ́n kọ́kọ́ bá jókòó kí wọ́n tó kọ ètò. Ẹni tó bá mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ kò ní rí ohun àjèjì níbẹ̀. Ohun tó tọ́ sí wa láti kọ́ lára wọn ni sùúrù tí wọ́n ní ṣáájú ètò.

Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún la fi ṣe ìwọ̀n ọjọ́ iṣẹ́. Ènìyàn méjì-méjì ló ń jáde, ọ̀kan ń béèrè, ọ̀kan ń kọ. A kì í béèrè pé "Kí lẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe?" Ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀: títì, iná, owó. Ohun tí a ń béèrè ni: "Kí ló gba àkókò yín jù lánàá?" "Kí lẹ rà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́?" "Ta lẹ máa ń ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru?" Ẹni tó ń kọ kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ wọn di Yorùbá ilé-ìwé. Bí Yàgbà, Ìjùmú, Òwé tàbí Bùnú bá ṣe sọ ọ́ ni kí ó kọ ọ́, torí nígbà mìíràn inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣòro náà wà. Ẹnì kan tó gbọ́ Ẹ̀bìrà àti ẹnì kan tó gbọ́ Fúlàní wà lára wọn, nítorí àwọn náà ń dáko, wọ́n sì ń da ẹran ní ilẹ̀ yìí, omi kan náà ni gbogbo wa ń mu. A kì í gba nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni láì sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 de ibùdó náà bó ti de báǹkì.

Ìpàdé ààfin nìkan kò tó. Àwọn àgbà ọkùnrin ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀, títì ni gbogbo ọ̀rọ̀ sì dá lé. Nígbà tí a bá àwọn obìnrin jókòó nídìí pọ́ǹpù omi ní ìdájí, tí a sì bá àwọn ọlọ́kadà ní gáréèjì wọn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá.

A kọ ìṣòro kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, a sì fi ìbéèrè mẹ́ta sẹ́ ẹ: ṣé a lè dán ojútùú wò láàárín oṣù mẹ́ta? Ṣé àwọn tó ń jìyà rẹ̀ yóò bá wa ṣe é? Bí owó ìjọba bá dáwọ́ dúró, ta ni yóò máa bá a lọ? Mẹ́ta ló yege: ìdánwò bí kajú ṣe dára tó, àtúnṣe pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, àti ọ̀nà tí aláboyún yóò fi dé ilé-ìwòsàn lóru. Ẹ̀kẹta yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà àti agbẹ̀bí, a kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kí àdéhùn owó epo tó dúró.

Ọ̀sẹ̀ 10 sí 17: ilé

Asbestos ni sílíìnì àtijọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hámà fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. A fi ẹ̀rọ afọ́nmi abọ́yìnwọ̀ rin ín kí ó tutù dáadáa, a tú ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láì fọ́, a wé e ní nylon nípọn lẹ́ẹ̀mejì, a sì bò ó mọ́ ilẹ̀ jíjìn sí odò àti oko. Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò, aṣọ ìnujú kò tó.

Páànù ti dípẹtà, ikán sì ti jẹ igi òrùlé mẹ́ta. A pààrọ̀ igi náà, a fi oògùn ikán kun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì fi alumíníọ̀mù tó nípọn ní mílímítà 0.55 bò ó. Òrùlé náà gba nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 130, a rà á ní 142 nítorí èérún. Súkúrù tó ní rọ́bà lábẹ́ la fi dè é, a kò lo ìṣó. Atẹ́gùn inú oṣù Kẹta àti Kẹrin ní ilẹ̀ yìí máa ń tú ìṣó díẹ̀díẹ̀, omi á sì gba ihò náà wọlé.

Ara ògiri ti là láti igun fèrèsé lọ sókè níbi mẹ́rin. Kì í ṣe pé ìpìlẹ̀ rì. Líńtẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá kọnkéré tó wà lórí fèrèsé, kò kọjá etí fèrèsé tó, ìwúwo òrùlé sì ń sọ̀ sórí igun náà. Bí ẹ bá kàn fi sìmẹ́ǹtì dí i, yóò tún là. A gbẹ́ ẹ fẹ̀ tó mílímítà 25, a kan wáyà alápẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a fi sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́rin rẹ́ ẹ, a sì fi omi rin ín fún ọjọ́ méje. Bíríkìlà fẹ́ fi ọjọ́ méjì parí rẹ̀. Ẹ má gbà fún un.

Iná

Ibi tí owó ti lè ṣòfò jù nìyí, ẹ jẹ́ kí a lọ jẹ́jẹ́. Ìṣirò ojúmọ́ kan lọ báyìí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká 12, wáàtì 60 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 3,600. Gílóòbù LED 10, wáàtì 12, wákàtí 5: 600. Fáànù 6, wáàtì 60, wákàtí 7: 2,520. Ráútà àti àwo sátẹ́láìtì, wáàtì 75, wákàtí 9: 675. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, 150. Ẹ̀rọ agbàwòrán-sógiri, wáàtì 250 fún wákàtí 2: 500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 8,045. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un fún èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ó di nǹkan bí 10,000. Bí a bá ka oòrùn tó múná sí wákàtí 4.5 lójúmọ́, páńẹ́lì tó jẹ́ wáàtì 2,200 ni yóò gbé e. A ra mẹ́fà oníwáàtì 550, ìyẹn 3,300, torí ọyẹ́ ń da eruku bo ojú wọn, ìkùukùu oṣù Keje àti Kẹjọ kì í sì í jẹ́ kí oòrùn ràn dáadáa.

Bátìrì lithium kan, fóòtì 51.2, ámúpíà-wákàtí (Ah) 200, ni a rà. Ó ń gba wáàtì-wákàtí 10,240. Bí a bá ń lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, ó kù 8,200, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọjọ́ kan tí oòrùn kò yọ. Ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, jẹ́ 5 kVA, ìyẹn kò ju wáàtì 5,000 lọ. Páńẹ́lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní ìlà kan ṣoṣo, fóòtì wọn nígbà tí wọn kò gbé ẹrù sì sún mọ́ 300. Ẹ wo ara ìnfátà yín kí ẹ tó so wọ́n báyìí, torí àwọn kan kò lè gbà ju 145 lọ. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀, torí ní àárọ̀ ọyẹ́ tí òtútù mú, fóòtì páńẹ́lì máa ń ga sí i. Ojú wọn kọ sí gúúsù, a dẹ̀gẹ́ wọn ní ìwọ̀n dígírì 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku kúrò.

Ohun méjì ló bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà ń jẹ́ kí gílóòbù ṣẹ́jú nígbàkigbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí ó ń mú irin kan gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fa ju wáàtì 1,000 lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. A gbé e kúrò, a fi oníyíǹkì rọ́pò rẹ̀. Èkejì le jù ú lọ: pọ́ǹpù bọ́họ̀lù oní-horsepower 1. Wáàtì 750 ló kọ sára, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ó ń fa ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Ẹ fi 3,750 kún wáàtì 1,800 tí gbọ̀ngàn ń lò lọ́wọ́, ó kọjá ohun tí ìnfátà lè rù. Gbogbo iná gbọ̀ngàn kú lẹ́ẹ̀kan náà. A gé pọ́ǹpù kúrò lára ìnfátà pátápátá, a sì rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù DC, èyí tó ń gba iná tààrà láti ara páńẹ́lì, tó ní páńẹ́lì tirẹ̀ méjì. Bí oòrùn bá yọ, omi ń gòkè sínú tánkì lítà 2,000, kò sí ẹni tó ń tan nǹkan kan.

Áàtì, ìyẹn síso iná mọ́ ilẹ̀, gba ọjọ́ mẹ́ta. Òkúta ni abẹ́ ilẹ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo kò rí ọ̀rinrin tó lè gbé iná lọ. A ri mẹ́ta, mítà 2 sí ara wọn, a fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀, a sì kó èédú àti iyọ̀ sí ihò wọn. Bí ẹ bá fo èyí, ààrá kan péré lè sun ìnfátà.

Òkúta yẹn náà ni kò jẹ́ kí a gbẹ́ bọ́họ̀lù láì kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ olókùúta, inú ibi tí àpáta ti sán nìkan ni omi wà. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ó wo ibi mẹ́ta ó kéré tán. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ihò gbígbẹ.

Tábìlì kajú

Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ní oṣù Kejì, nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti ń jáde jù ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ojú ni wọ́n fi ń dá owó rẹ̀. Olùrà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á ní kò dára, ó parí.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ìwọ̀n tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ abẹ tó ń gé kajú sí méjì, mítà ọ̀rinrin, abọ́ mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìwé ńlá kan. Ẹ má gé e láì wọ ìbọ̀wọ́, òróró èèpo rẹ̀ ń jó ara bí iná.

Bu kajú láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, pò ó pọ̀, wọn kílò 1. Ka iye hóró inú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye yẹn bá ṣe kéré tó ni hóró ṣe tóbi tó. Gé gbogbo rẹ̀. Ọmọ inú tó dára, pẹ̀lú awọ pupa rẹ̀, sínú abọ́ kìíní. Èyí tó ní àbàwọ́n tàbí tó rọ sínú ìkejì. Èyí tó jẹrà tàbí tó ṣófo sínú ẹ̀kẹta. Wọn abọ́ kìíní, fi ìdajì abọ́ kejì kún un, fi 0.1764 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye pọ́n-ùn ọmọ kajú tó wà nínú àpò kílò 80, òun sì ni àwọn olùrà tó ń kó o lọ sí òkè òkun fi ń dá owó. Bí abọ́ kìíní bá jẹ́ gíráàmù 250, tí ìkejì jẹ́ 30, àpapọ̀ rẹ̀ di 265, ìdáhùn sì ni 46.7. A kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò náà.

Ọ̀rinrin ló ń ba owó jẹ́ jù. Ìwọ̀n tó yẹ ni 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú á dúdú kí ó tó dé ìlú òyìnbó. Ẹ sá a fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa yí i, ẹ bò ó lálẹ́. Àwọn ìyá tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ kò nílò mítà: wọ́n á mú hóró kan sétí, wọ́n á mì ín. Bí ọmọ inú bá ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré, ó ti gbẹ. Bí kò bá dún, wọ́n á dà á padà sórí tapólì. Nígbà tí a fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, etí wọn kì í sábà ṣì. Ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni àpò nylon, nítorí ooru inú rẹ̀ ń dá ọ̀rinrin padà sára kajú tó ti gbẹ. Àpò jútù tí wọ́n fi ń di kókó ni kí ẹ lò.

Àpótí pọ́ǹpù

Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó dákú ní abúlé jẹ́ irú India Mark II, rọ́bà kékeré bí ife tó wà nínú sìlíńdà ló sì máa ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Rọ́bà yìí kò wọ́n. Kò kàn sí lọ́jà tó sún mọ́ wọn ni, kò sì sí ẹni tó ní irin ìgbépáìpù. Àpótí kan ní ibùdó ní rọ́bà 12, ṣéènì 2, bẹ́árìńgì 4, ìgbépáìpù, ẹsẹ̀ mẹ́ta ìfipáìpùkọ́ àti sípánà. Obìnrin méjì láti abúlé kọ̀ọ̀kan kọ́ bí a ṣe ń tú u. Owó èsúsú ìdí pọ́ǹpù ló ń ra rọ́bà tí wọ́n bá lò, kí àpótí má baà ṣófo.

Ìfilọ́lẹ̀

A fi í sí oṣù Kẹfà, lẹ́yìn ìgbà kajú, kí ohun tí a fẹ́ fi hàn ti máa ṣiṣẹ́. Káńsù fẹ́ kó wáyé ní oṣù Kìíní, wọ́n sì gbà láti dúró nígbà tí wọ́n rí ìwé ètò tábìlì kajú. Kò sí agbada tí a rán, kò sí kanópì tí a yá. Àwọn obìnrin gé kílò kajú kan lójú àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, alága káńsù ló sì ka nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Ẹ má so ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá mọ́ ìnfátà lọ́jọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ fi gbé e.

Ohun tó ṣì kù

Ọ̀sọ̀rọ̀ òrùlé ẹ̀yìn kò tíì sí, omi ń gbẹ́ ìdí ògiri níbẹ̀. Mítà ọ̀rinrin nílò ìyẹ̀wò kí oṣù Kejì tó dé: a ó fi kajú sínú ààrò ní ìwọ̀n ooru 105°C títí tí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní í dínkù mọ́, a ó sì fi wé ohun tí mítà sọ. Owó oṣù tó tẹ̀ lé mẹ́fà àkọ́kọ́ kò tíì wọlé láti káńsù. Lẹ́tà kejì ti lọ, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lára pátákó ní ẹnu ọ̀nà ibùdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí àwọn káńsílọ̀ fọwọ́ sí, níbi tí ẹni tó bá wá sọ́jà ti lè kà á.